Ilé Ọmọlangidi Tí Mo Fi Páálí Kọ́

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 5, ló rí ilé ọmọlangidi nínú fóònù mi, kò sì jẹ́ n sinmi mọ́. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Ṣábọ̀ níbí ní Ìkòròdú, ẹnu mi wọhò. Mo bá tọrọ páálí núdùùsì méjì lọ́wọ́ ìyá tó ń pàtẹ ní ojúlé kejì, mo ra gọ́ọ̀mù, mo wá abẹ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sábà máa ń fi íǹṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1: ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 á di íǹṣì 7. Bí wọ́n ṣe kọ́ ti Ayaba Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, èyí tí wọ́n parí ní 1924. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú rẹ̀ (tèmi tí mò ń gbé gan-an kò ní). Yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kan ni mo gé.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá a tò ó. Ó ń wò mí, gbogbo ohun tí mo bá gbé kalẹ̀ ló ń gbé kúrò. Mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn leré tó bẹ̀rẹ̀.

Páálí ìṣáná ló fi ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ́ ọmọlangidi sí i, ẹsẹ̀ yọ síta. Ó fi ìka wọn ọmọlangidi, ó fi ìka wọn páálí, ó ní, "Mọ́mì, ó ku ìka méjì." Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kọ́ ọ ní àyọkúrò.

Ọmọ aládùúgbò wa dé, ìjà dé. Balùwẹ̀ kan, ọmọlangidi mẹ́rin, gbogbo wọn fẹ́ wẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí i, mo kó ara mi níjàánu. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti tò wọ́n sórí ìlà, bàbá àgbà ló ṣíwájú, torí "ẹsẹ̀ ń dun bàbá". Mo ti kà á rí pé ní 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cardiff yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ ọdún 4 sí 8 wò: bí ọmọ bá ń fi ọmọlangidi ṣeré, kódà lóun nìkan, apá tó ń báni ro ti ẹlòmíràn máa ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Lálẹ́, mo fẹ́ gbé ilé náà kúrò lọ́nà, mo bá agolo tòmátì mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan.

"Kí lèyí?"

"Mọ́mì, ẹ má yọ ọ́ o. Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá ò ní lè wọlé wọn bó ṣe wọlé wa."