Kóòdù sensọ̀ ooru lójú dryer: àwọn àṣìṣe tó ń sọ iṣẹ́ kékeré di ìnáwó ńlá

Dryer wà nílé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, torí ta ló máa sá aṣọ síta nígbà yìnyín? Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá wá dákẹ́, tí LG kọ tE1 sójú tàbí tí Whirlpool kọ F3E1, ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni ká tẹ kóòdù yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká rí i pé sensọ̀ ooru, ìyẹn ohun kékeré tó ń wọn ooru inú ẹ̀rọ, ló ń tọ́ka sí, ká sì ra sensọ̀ tuntun lójú ẹsẹ̀. Nígbà míì, ó máa ń bọ́ sí i. Nígbà míì, lẹ́yìn tí ẹ ti tú ẹ̀rọ, tí ẹ ti dè é padà, kóòdù kan náà á tún yọjú, àwọn kan á sì kọjá lọ ra bọ́ọ̀dù, pátákó tó ń darí ẹ̀rọ, èyí tó wọ́n ju sensọ̀ lọ fíìfíì.

Àṣìṣe tó ń bí àwọn yòókù nìyí: ríra nǹkan kí a tó wọ̀n ọ́n. Kóòdù yẹn kò sọ pé sensọ̀ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé bọ́ọ̀dù kò rí iye tó mọ́gbọ́n wá láti ojú wáyà sensọ̀. Ó lè jẹ́ sensọ̀ lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé wáyà já, pé ibi tí wáyà ti so mọ́ra ti dógùn-ún, tàbí pé bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́.

Mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ti tó láti mọ èwo ni. Sensọ̀ inú dryer òde òní máa ń dí iná lọ́nà púpọ̀ nígbà tó bá tutù, díẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ń sún mọ́ 10,000 ohm (ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná) ní 25°C, ó sì ń wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4,000 bí ooru bá dé 50°C. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá iye yìí mu o. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ sábà máa ń ká ìwé iye tirẹ̀ pọ̀ sínú dryer, lẹ́yìn pátákó bọ́tìnì lókè, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ wá a kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ má fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ láìyọ plọ́ọ̀gì lára ògiri. Bọ́tìnì tí ẹ fi pa á kò tó, torí dryer oníná ní Amẹ́ríkà ń lo 240 volt, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà kúrò lára sensọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí bí wáyà bá ṣì wà lára rẹ̀, bọ́ọ̀dù á dá sí iye tí mítà ń kà. Orí rẹ̀ gan-an ni kí ẹ dì mú tí ẹ bá ń fà á. Ẹni tó bá fa wáyà lè já a, á sì dá ìṣòro kejì sílẹ̀. Ẹ wo iye tí mítà kà, kí ẹ wá di sensọ̀ mọ́wọ́ díẹ̀. Iye náà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí mítà bá kọ OL, inú rẹ̀ ti já. Bó bá kọ òdo, inú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ má fi iná ìṣáná yá a gbóná, ẹ ó kàn bà á jẹ́ ni.

Bí sensọ̀ bá dára, ẹ dá wáyà padà, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, ẹ yọ wáyà ibẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú wáyà yẹn. Bí iye kan náà kò bá yọ, wáyà ló já láàárín. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun gan-an ló sì ń gba owó bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ èèyàn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti fúúsì ooru. Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀ kí iná kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Fúúsì yẹn ló ń dá ooru dúró kí ilé má baà jóná. Mítà lè sọ bó bá ti já láìjẹ́ pé ẹ tan ẹ̀rọ. U.S. Fire Administration, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, ṣírò fún 2008 sí 2010 pé nǹkan bí 2,900 iná ni dryer ń dá sílẹ̀ nínú ilé gbígbé lọ́dún kan, àìmú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní ló sì ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Fúúsì kì í sábà já lásán. Òwú wẹ́wẹ́ tó ti dí páìpù tó ń gbé atẹ́gùn gbígbóná jáde ló sábà máa ń mú ooru pọ̀ lápọ̀jù, ẹni tó bá pààrọ̀ fúúsì láìgbá páìpù fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá ni. Páìpù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, ínǹṣì 4, kó má lọ́ pọ̀, kí ìṣó ìdè má sì yọ orí sínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òwú ń há sí. Ẹ má fi rọ́bà ṣe é.

Aṣọ tó ṣì tutù nígbà tí ẹ̀rọ dúró láìkọ kóòdù kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi sensọ̀ ooru. Inú ìlù tó ń yí, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ méjì, òun ló ń mọ̀ bóyá omi ṣì wà lára aṣọ. Bébà olóòórùn tí a ń jù sáàárín aṣọ máa ń fi nǹkan bò ó. Ẹ fi ọtí tí a fi ń nu ojú egbò (rubbing alcohol) nù ún, ẹ má fi pépà oníyanrìn ha á. Bí ìlù bá sì ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbóná, ẹ kọ́kọ́ wo breaker, torí apá kan iná lè ti lọ.

Bó bá jẹ́ pé sensọ̀ ló kú lóòótọ́, nọ́ḿbà ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ra òmíràn. Méjì lè jọra tí iye wọn ò sì bára mu. Dryer tó ń lo gáàsì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tọ́ ọ̀nà gáàsì fún yín.

Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ ju táwẹ́ẹ̀lì tútù sínú rẹ̀, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì jáde lọ fi ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde lára ògiri. Bí atẹ́gùn yẹn kò bá lágbára, ẹ pa á, kí ẹ lọ tú páìpù.