Lílo Yìnyín fún Ẹsẹ̀ Tó Rọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ìbàdàn

Bí àgbẹ̀ kan ní Akínyẹlé tàbí Ìdó bá fẹsẹ̀ rọ́ láàárín ebè, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n gbé omi kaná láti fi jó o. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́, ooru lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ya wọ ibi tó fara pa, kí wíwú náà sì pọ̀ sí i. Òtútù ló yẹ nígbà náà, nítorí ó máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì, ìrora á sì rọlẹ̀. Yìnyín kì í ṣe oògùn tó ń wo ẹsẹ̀ sàn. Ó kàn ń pẹ̀tù sí ìrora kí aláìsàn lè sinmi, kó sì lè ṣe eré ìdárayá tí oníṣẹ́ físíótẹ́rápì bá kọ́ ọ.

Bí iná kò bá sí nílé, píọ̀ wọ́tà tó ti dì, irú èyí tí a ń rí rà ní Bódìjà àti Ọjọ́ọ̀, ti tó. Ẹ rọra gbá a kó fọ́ sínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ díẹ̀, torí pé yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú físà jáde tutù ju èyí tó ti ń yọ́ lọ, ó sì lè tètè jó awọ ara. Ẹ fi aṣọ tín-ín-rín tí ẹ ti fi omi rẹ wé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé orí ìrọ̀rí, kí ẹ gbé yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó má kọjá 20 láéláé, kí ẹ sì dúró tó wákàtí 2 kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ má ṣe sùn tì í. Ẹ má sì fi róòbù pa ibẹ̀ ṣáájú, nítorí gbígbóná rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí òtútù bá ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ ṣí aṣọ náà wò. Pípọ́n kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ kàn án: bí ó bá le, tó ṣì, tàbí tó léròrò, ẹ gbé yìnyín kúrò. Ẹ má yá a níná, ẹ má sì fi ọwọ́ ra á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò. Ẹgbẹ́ orúnkún lápá òde tún gba ìṣọ́ra, nítorí iṣan ìmọ̀lára tó ń darí gbígbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè gba ibẹ̀ kọjá ní abẹ́ awọ gan-an, òtútù tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ sì lè mú kí ẹsẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ dán èyí wò, nítorí òtútù wà lára ohun tó máa ń ru ìrora àìsàn náà sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, àti apá tí rọpárọsẹ̀ mú, nítorí yìnyín lè jó wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ má gbé e lé ojú egbò.

Bí ẹni náà kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ 4, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò egungun kí ẹnikẹ́ni tó fà á. Ẹ má ṣe padà sóko kété lẹ́yìn yìnyín, nítorí ẹsẹ̀ tó kú tipiri kì í mọ ibi tó ń tẹ̀. Nígbà tí wíwú bá ti lọ, tó wá ku pé kí oríkèé máa le láàárọ̀, omi gbígbóná tí a ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lè padà wúlò, bí kò bá ti gbóná ju ohun tí ọwọ́ yín lè gbà lọ.