Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Rọ Góòlù àti Fàdákà Tà

Alágbẹ̀dẹ lè mọ òrùka rọ dójú àmì, kó sì máa jẹ gbèsè kiri. Ohun tó ń fà á kì í sábà jẹ́ iná tàbí òòlù. Ìwọ̀n àti ìṣírò ni.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Òrùka tó parí ní gíráàmù 8 lè ti bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 10, kí fáìlì àti ayùn tó họ ìyókù dànù. Ẹni tó bá fi 8 ṣírò owó ti fi 2 tọrẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n kí iná tó kàn án, ẹ tún un wọ̀n nígbà tó bá dán tán. Iyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀ náà, owó ni: ẹ tẹ́ awọ sábẹ́ ibi iṣẹ́, ẹ kó o jọ, ẹ má sì jẹ́ kí ti idẹ dà mọ́ ti fàdákà.

Èyí tí mo kórìíra jù ni àwọn tó ń ra fàdákà, tí wọ́n á sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì, tí wọ́n á ní iye tí àwọn ń tà nìyẹn. Yẹtí gíráàmù 3 tó ní iṣẹ́ wínníwínní lára lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹ̀gbà ọwọ́ gíráàmù 40 tí ẹ kàn tẹ̀, tí ẹ sì lù, kò gba ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ìlọ́po méjì á sọ yẹtí yẹn di ọ̀fẹ́, á sì lé oníbàárà ẹ̀gbà ọwọ́ sá. Owó irin lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, gáàsì àti páálí tí ẹ fi dì í lọ́tọ̀.

Dọ́là ni wọ́n fi ń ná góòlù lágbàáyé, nítorí náà iye rẹ̀ ní náírà lè yí láàárọ̀, kó tún yí lálẹ́. Ẹ má dá iye fún ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta láìgba owó irin pé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ ra góòlù náà. Èyí tí ẹ bá fi ra epo jẹnẹrétọ̀ kò ní í di góòlù mọ́. Bí ẹ bá sì ń wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye áúǹsì kan ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀; áúǹsì ti góòlù jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28.35 tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ. Ẹni tó bá ṣì í lò á pe gíráàmù kan ní iye tó fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ju ti ọjà lọ.

Bí àǹtí kan bá gbé ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀ wá pé kí ẹ yọ́ ọ, ẹ wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún un pé nínú gíráàmù 10 góòlù káràátì 18, 7.5 péré ni góòlù. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o rí. Tí ẹnì kan bá ti fi òjé tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò lẹ̀ ẹ́, ẹ họ gbogbo rẹ̀ kúrò kí iná tó dé ibẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjé á jẹ góòlù náà wọnú, á sì máa sán lábẹ́ òòlù.

Idẹ tí wọ́n fi góòlù pa lára, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má lu 925 sára ohun tí fàdákà inú rẹ̀ kò pé 925 nínú 1,000. Ìkọ́ yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń ní níkẹ́ẹ̀lì. Etí tó bá kọ̀ ọ́ á máa yún, á máa ṣomi, gbogbo ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí oníbàárà yẹn ló máa gbọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má yọ́ idẹ níbi tí atẹ́gùn ò ti fẹ́. Síńkì inú rẹ̀ ń hó ní 907°C, èéfín funfun tó ń jáde sì lè dá ibà àti òtútù sí yín lára lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló ń ka ibà yẹn sí ti ẹ̀fọn, tí wọ́n á lọ ra oògùn. Tí ẹ bá ń po ásíìdì tí ẹ fi ń fọ dúdú iná kúrò lára iṣẹ́, ásíìdì ni ẹ ń dà sínú omi, ẹ má da omi sí ásíìdì. Bí ẹ bá sì ń yọ fàdákà nínú ásíìdì tó ti pẹ́, ẹ má ti ẹmú onírin bọ̀ ọ́, torí bàbà tó ti yọ́ sínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ fàdákà, á sì pọ́n. Ẹmú bàbà tàbí ti onígi ni kí ẹ lò.