Bí A Ṣe Ń Tún Ìtàn Ìgbésí Ayé Onímọ̀ Físíìsì Ṣe

Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìtàn náà sórí bébà, kí àyè tó fẹ̀ wà láàárín ìlà. Ẹ mú bírò pupa, ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ọdún, gbogbo oyè, gbogbo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àti gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ "òun ni ẹni àkọ́kọ́". Ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí.

Ọdún àti ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé ẹnì kan gboyè "Yunifásítì Ìbàdàn" ní 1956. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1948. 1962 ló tó di yunifásítì tó dá dúró. Ìbàdàn ló ti kàwé, oyè Lọ́ńdọ̀nù ló gbà. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí àwọn mìíràn a rí "London" lára sátífíkéètì, wọn a sì kọ ọ́ pé ìlú òyìnbó ló ti kàwé. Àṣìṣe tuntun nìyẹn. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ọdún yẹn, ìyẹn ìwé ọdọọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣàlàyé ètò rẹ̀, ní Kenneth Dike, ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. National Archives, ilé tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, náà kò jìnnà, inú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà ló wà.

Ta ló ni iṣẹ́? Èyí ló le jù. Ẹ má kàn kọ "ó ṣàwárí" kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ ya ẹni tó ṣe ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, àti ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ẹ wo Lise Meitner, obìnrin onímọ̀ físíìsì. Ní December 1938, Otto Hahn àti Fritz Strassmann, àwọn onímọ̀ kẹ́místírì, rí barium, èròjà tó fúyẹ́ ju uranium lọ dáadáa, nínú uranium tí wọ́n fi neutron (ẹyọ bíńtín tó máa ń wà nínú kóró átọ́ọ̀mù) lù ní Berlin. Meitner ti sá kúrò ní Jámánì ní July ọdún náà nítorí ìjọba Násì. Sweden ni òun àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ṣàlàyé pé kóró átọ́ọ̀mù ló là sí méjì. Àlàyé wọn jáde nínú Nature, ìwé àtìgbàdégbà sáyẹ́ǹsì, ní February 1939, Frisch ló sì sọ lílà yẹn ní "fission". Síbẹ̀, Hahn nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel kẹ́místírì ti 1944. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Hahn ló ni gbogbo rẹ̀ rẹ́ Meitner jẹ. Ẹni tó bá sì kọ ọ́ pé Meitner ló ṣe ìdánwò December yẹn ń gba iṣẹ́ Strassmann, ẹni tí wọ́n tilẹ̀ máa ń gbàgbé jù.

Ẹ ka ìdí tí wọ́n fi fúnni lẹ́bùn náà: ti Einstein, ti 1921, kì í ṣe nítorí relativity, àbá rẹ̀ tó lókìkí nípa àkókò àti àyè, òfin photoelectric ni, èyí tó jẹ mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé electron jáde lára irin.

Ẹ̀rí wúwo ju ara wọn lọ. Ìwé tí onímọ̀ náà kọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ju ìwé ètò ìsìnkú lọ, torí ìyìn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Bí ìwé ìròyìn mẹ́ta bá da ọ̀rọ̀ kan náà kọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ẹ kọ gbólóhùn àtijọ́, tuntun lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ ìwé, ọdún àti ojú ewé. Bí mọ̀lẹ́bí bá wà, ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Ẹ má sọ fún àgbàlagbà pé "irọ́ ni", ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ohun tí ìwé yìí wí rèé." Bí wọ́n bá mú lẹ́tà tàbí fọ́tò jáde, ẹ ya àwòrán iwájú rẹ̀, ẹ ya ti ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ sí.