Píjò 504 tó ń mísì lójú ọ̀nà tó tẹ́jú: bí mo ṣe rí ibi tí iná púlọ́ọ̀gì ti ń já

Ọkọ̀ náà jẹ́ Píjò 504 wágọ́ọ̀nù, oníkábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn), tó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì, ẹnu irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé, nínú dìsìtíríbútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Tí a bá tan án lójú kan, ó ń dún geere. Bó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí dẹ́rẹ́bà tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, ó ń fà dáadáa. Àfi tó bá bọ́ sí ibi tó tẹ́jú lójú ọ̀nà Adó sí Ìkéré, tí ẹsẹ̀ kàn fara kan tọ́tù fẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, tí ẹ́ńjìnì á máa já láàárín iṣẹ́, bí ẹni pé epo ti ń tán. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti tú kábúrétọ̀ rẹ̀ fọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti ra kọ́ìlì tuntun, ohun tó ń gbé agbára iná sókè fún púlọ́ọ̀gì, sí i. Ó ṣì ń mísì.

Òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé epo ni kò tó, orí òkè ló yẹ kó ti hàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń mu epo jù. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì ló rọ, tàbí ẹnu púlọ́ọ̀gì ló ṣí jù, orí òkè kan náà ni yóò ti burú jù. Tí tọ́tù bá ṣí gbayawu, atẹ́gùn àti epo tó wọ sílíńdà á pọ̀, wọ́n á há mọ́ra, iná á sì nílò agbára púpọ̀ kó tó lè fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Kí wá ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́ lórí tọ́tù, tí kì í ṣẹlẹ̀ lójú kan, tí kì í sì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí tọ́tù bá ṣí tán? Fákúọ́mù ni, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fa atẹ́gùn mọ́ra. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara kábúrétọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ dìsìtíríbútọ̀ ló máa ń fa àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé, kí iná lè tètè ta. Nǹkan kan ń já nígbà tí àwo yẹn bá yí.

Àbá lásán nìyẹn títí a ó fi wọ̀n ọ́n. Mo kọ́kọ́ wo àwọn ohun tó rọrùn. Mo fi páláyà tí ọwọ́ rẹ̀ ní rọ́bà di wáyà àárín dìsìtíríbútọ̀ mú, mo gbé ẹnu rẹ̀ sí nǹkan bíi mílímítà 6 sí irin ẹ́ńjìnì, mo ní kí wọ́n sítáátì. Iná aláwọ̀ búlúù ta, ó sì ń dún pá-pá. Ẹ má ṣe fi wáyà yẹn rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán: tí iná kò bá rí ibi fò sí, inú kọ́ìlì ni yóò ti wá ọ̀nà, á sì ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Mo wọn kọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n yọ sọ́wọ́: láàárín ẹnu kékeré méjèèjì, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ óòmù 3 (óòmù ni ìwọ̀n bí ọ̀nà ṣe le tó fún iná), láti ẹnu kékeré dé ẹnu ńlá àárín, ó wà láàárín óòmù 7,000 sí 8,000. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó dùn mí pé wọ́n náwó lórí òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé àyẹ̀wò wọ inú ọkọ̀, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà ni a ti ń rí i. Mo so gílóòbù kékeré mọ́ ẹnu kọ́ìlì tó ń gba iná láti orí kọ́kọ́rọ́, mo fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹnu kejì, tó ń lọ sí dìsìtíríbútọ̀, mítà onínọ́ńbà ni mo so mọ́ ọn, mo sì gbé e sí ojú fóòtì (ìwọ̀n agbára iná) 600. Gílóòbù kò dára ní ẹnu kejì yìí tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́: yóò mu nínú agbára tó yẹ kó lọ sí púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ yóò sì mísì nítorí gílóòbù fúnra rẹ̀. Mítà náà kò sì gbọdọ̀ wà ní ojú fóòtì 20, torí pé gbogbo ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí ni ẹnu yẹn ń ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì sókè.

Ọmọṣẹ́ ń wa ọkọ̀, èmi ń wo mítà. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ geere, mítà wà ní nǹkan bíi fóòtì 5, nítorí kọ́ńtáàtì ń ṣí, ó ń pa dé. Bó ṣe mísì báyìí, gílóòbù kò ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mítà fò dé 13. Orí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn nìyẹn. Bí wáyà kan bá ń kan bọ́dì ni, òdo ni mítà ìbá sọ̀ kalẹ̀ sí. Pé ó gòkè túmọ̀ sí pé ọ̀nà láti kọ́ìlì dé bọ́dì ti já, inú dìsìtíríbútọ̀ sì ni ọ̀nà yẹn gbà.

Mo ṣí ìdérí dìsìtíríbútọ̀, mo yọ rótọ̀ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì títí kọ́ńtáàtì fi pa dé. Mo yọ wáyà kúrò lẹ́nu kọ́ìlì, mo fi mítà wọn láti ara wáyà náà dé bọ́dì dìsìtíríbútọ̀: óòmù 0.3, ó dára. Mo wá fi ẹnu fa rọ́bà fákúọ́mù. Àwo yí, mítà sì ní kò sí ọ̀nà mọ́. Mo tú u sílẹ̀, óòmù 0.3 padà wá. Wáyà kékeré tó so kọ́ńtáàtì mọ́ ẹnu ìta dìsìtíríbútọ̀ ló ti já nínú rọ́bà ara rẹ̀. Rọ́bà ló ṣì di méjèèjì mú, ìdí nìyẹn tí ojú kò fi rí i.

Wáyà tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò. Wáyà ilé kò wúlò níbẹ̀, torí ó le. Àwo náà á ṣẹ́ ẹ láìpẹ́. Mo gé wáyà ọwọ́ mítà àtijọ́ kan, èyí tí irin inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, tó sì rọ̀. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo fi lẹ́ẹ̀dì jó, díẹ̀díẹ̀, nítorí ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá ṣàn dé ni wáyà á ti le, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti ṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀ kó gùn díẹ̀ kí àwo lè yí láìfà á, mo sì rí i pé kò lè fara kan ọ̀pá àárín tó ń yí láti ṣí kọ́ńtáàtì. Wáṣà oníke tó wà lẹ́nu ìta gbọ́dọ̀ padà sí ipò rẹ̀. Tí irin ibẹ̀ bá kan bọ́dì, iná kò ní ta rárá.

Níwọ̀n bí mo ti ṣí i, mo nu ẹnu kọ́ńtáàtì, mo fi gééjì sí i ní mílímítà 0.4 níbi tí orí ọ̀pá ti ga jù, mo fi gíríìsì tí kò ju orí ìṣáná lọ sí ara ọ̀pá. Púlọ́ọ̀gì jẹ́ mílímítà 0.6. Bí ẹnu kọ́ńtáàtì bá yí padà, táímìnì, ìyẹn àsìkò tí iná ń ta, náà ti yí nìyẹn, nítorí náà mo tún un tò: ẹ́ńjìnì kú, kọ́kọ́rọ́ ṣí, gílóòbù wà láàárín ẹnu kejì kọ́ìlì àti bọ́dì. Mo yí dìsìtíríbútọ̀ títí gílóòbù fi tàn gan-an nígbà tí àmì ẹ́ńjìnì bára mu. Wáyà púlọ́ọ̀gì padà ní ìtẹ̀léra tí iná fi ń dé sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1-3-4-2.

Tó bá jẹ́ pé ìrì àárọ̀ tàbí òjò ló ń mú ọkọ̀ mísì, inú ìdérí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò fún ìlà dúdú tó tín-ín-rín. Nínu kì í wò ó sàn, pípààrọ̀ ni. Ti ọkọ̀ yìí mọ́. A gbé e gba Ìkéré lọ bọ̀ pẹ̀lú mítà náà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí tọ́tù, kò sì kúrò ní fóòtì 5.