Láti Thamesmead dé Abbey Wood: Bí ẹ ṣe lè fi kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú tíréènì lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Thamesmead, àdúgbò kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò ní ibùdó tíréènì tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Canary Wharf tàbí Liverpool Street ní láti kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì dé Abbey Wood, kó tó wọ tíréènì Elizabeth line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2022. Bọ́ọ̀sì yẹn ló ń jẹ àkókò yín. Láti àárín Thamesmead sí Abbey Wood jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Ẹni tí kò sáré rárá á fi kẹ̀kẹ́ débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò sì ní kàn án. Tó bá ti wọ tíréènì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 ló kù dé Canary Wharf.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ pinnu ni bóyá kẹ̀kẹ́ á bá yín wọ tíréènì tàbí á dúró dè yín ní ibùdó. Kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká lè wọlé nígbàkígbà. Èyí tí kò ṣeé ká kò gbọdọ̀ wọlé láàárín 7:30 sí 9:30 àárọ̀, àti láàárín 4:00 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Àbọ̀ ló sábà máa ń há àwọn èèyàn: wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní nǹkan kan; nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, ó di kí wọ́n dúró títí aago méje fi máa lù. Ìlà Victoria, tó jẹ́ ọ̀nà tíréènì abẹ́ ilẹ̀ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í tilẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká rárá, bó ti wù kí èrò kéré tó. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò ṣeé ká sì ti di èèwọ̀ nínú tíréènì wọ̀nyí láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025 nítorí ewu iná.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ní ìrìn lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ kíká ló yẹ yín. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Brompton ló pọ̀ jù lójú pópó. Táyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 16, ó máa ń tó kílò 11 tàbí 12, tí ẹ bá sì ká a tán, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 58 níbùú àti 27 ní nínípọn. Bí wọ́n ṣe ń ká a nìyí. Ẹ yí pẹ́dàlì ọ̀tún sẹ́yìn. Ẹ gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sókè kí táyà ẹ̀yìn lè yí wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú ìdè àárín, kí ẹ fa táyà iwájú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀yìn kó kọ́ ọ. Ẹ tú ìdè ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀. Ẹ wá ti ìjókòó mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó ká pẹ́dàlì òsì. Ìjókòó yẹn ló ń ti gbogbo rẹ̀ pa. Tó bá ku díẹ̀ kó délẹ̀, táyà ẹ̀yìn á já sílẹ̀ bí ẹ bá ti gbé e lórí àtẹ̀gùn. Ẹ fi téèpù sàmì sára òpó ìjókòó níbi tó bá yín lẹ́sẹ̀ mu, kí ẹ má baà máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tú kẹ̀kẹ́ náà padà láti gùn ún, ẹ rí i pé irin ìdè jókòó dáadáa kí ẹ tó fún un. Kò nílò agídí.

Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́bàá ibùdó tó ti máa sọ̀ kalẹ̀ kò nílò wàhálà yìí. Kó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù tí kò wu olè, kó máa fi sílẹ̀ ní Abbey Wood. Àgádágodo méjì ni kó lò, kí ọ̀kan jẹ́ onírin líle tó rí bí lẹ́tà U, kó gba inú táyà ẹ̀yìn àti ara kẹ̀kẹ́ papọ̀ mọ́ irin ìsokẹ̀kẹ́. Èkejì ni ti táyà iwájú. Ẹni tó so táyà iwájú nìkan lè padà wá bá táyà iwájú nìkan. Kó yọ iná kẹ̀kẹ́ sínú báàgì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé ẹ sí ọ́fíìsì: òfin ní kí iná funfun wà níwájú, kí pupa wà lẹ́yìn, bí oòrùn bá ti wọ̀, nígbà òtútù sì rèé, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin.

Nínú ibùdó, kẹ̀kẹ́ tí ẹ ò ká kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn oníná. Lífìtì ni kí ẹ wọ̀. Gbogbo ibùdó Elizabeth line ló ní ọ̀nà tí kò gba àtẹ̀gùn kọjá. Tí ẹ bá wọ tíréènì, ẹ má gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì sí ara yín tàbí sí ògiri, kí gírísì má baà ba aṣọ aláṣọ jẹ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ wò ó lórí fóònù bóyá wọ́n ń tún ojú irin ṣe kí ẹ tó kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń fi rọ́pò tíréènì, kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká ò sì sábà ráàyè níbẹ̀. Kódà èyí tí ẹ ká pàápàá, ọwọ́ awakọ̀ ló wà.