Ẹ Má Fi Sánpépà Pa Àga Yín

Ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún gbé àga wá sí ìsọ̀ mi ní Paris, ó ti bà á jẹ́ tán, ó wá ní kí n bá òun fọwọ́ kàn án díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra àga onígi ilẹ̀ Faransé ti àwọn ọdún 1950 sí 1970, ẹ jókòó kí n bá yín wí. Àṣìṣe mẹ́rin tí mo ń rí rèé:

1. Pípe gbogbo àga igi orme (igi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní elm) ní iṣẹ́ Pierre Chapo, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àga ọmọ ilẹ̀ Faransé. Maison Regain, ilé iṣẹ́ àga Faransé mìíràn, náà lo orme, àga wọn a sì máa jọ ti Chapo lójú ẹni tó ń kánjú. Èmi náà jẹ̀bi. Ẹni tó ta tábìlì àkọ́rà mi fún mi kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojúkòkòrò mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Chapo òfégè ni ìyàwó mi ń pè é.

2. Gbígbé tábìlì ti ẹ̀rọ amúlémóoru nígbà òtútù. Á sán. Ó parí.

3. Kíkan ìṣó mọ́ oríkèé tó ń mì. Ẹ jọ̀ọ́!

4. Sánpépà. Àga ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, S11 ni orúkọ irú rẹ̀, èyí tí Chapo fi orme àti awọ ṣe. Olówó rẹ̀ rí i pé ó dúdú, ló bá gbé ẹ̀rọ lé e, ó fá a títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ, ó wá fi fáníìṣì tó ń dán bí ìgò bò ó. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o! Oòrùn, ìda oyin àti ọwọ́ èèyàn ló kó o jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó ni ẹ ń fá dànù. Chapo kì í sì í fi oríkèé pamọ́: ibi tí igi ti wọnú igi ni ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ sì ń jẹ. Pákó tuntun ńkọ́? Àrùn graphiose ti pa orme ńláńlá ilẹ̀ Faransé lọ súà láàárín àwọn ọdún 1970. Aṣọ tó rin díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀, kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi ìda oyin ra á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń yọ táìsì ojú tábìlì Guillerme àti Chambron, oníṣẹ́ àga Faransé méjì tó máa ń lẹ táìsì mọ́ tábìlì, nítorí pé kò bá pálọ̀ mu, n ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo lè sọ fún yín.

Ẹ lè bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ nípa ẹ̀rọ sánpépà tó báyìí. Ara Chapo òfégè ni mo ti kọ́ ọ. Ó ṣì wà ní ìsọ̀, ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, kọ́ọ̀pù kọ́fí kì í dúró dáadáa lórí rẹ̀.